Ẹ̀rọ Oyèéníran Tí Kì Í Tètè Jí

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe ohun mẹ́wàá pọ̀ ní Òkè-Àgbọn, wọn á ní, "Ẹni tó jí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí." Àlejò á máa rò ó: ṣebí ilé tó ti jí ló yẹ kó tètè ṣílẹ̀kùn? Ohun tó bí òwe náà rèé.

Oyèéníran ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà àdúgbò náà, ó sì ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ yangàn. Bó bá ti tàn án, ètò mẹ́tàdínlógún ni yóò máa ṣí fúnra wọn: ti lẹ́tà, ti àwòrán, ti orin, títí dórí èyí tí kò lò rí. Lásùnkànmí tó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe kìlọ̀ fún un.

"Bùrọ̀dá, agbára kan náà ni gbogbo wọn ń dù. Ẹ jẹ́ kí èyí tí gbogbo wọn gbára lé kọ́kọ́ jí. Ẹ pe ìyókù nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀."

"Ọba kì í jí kí ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣì máa sùn," ni Oyèéníran fèsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mopélọ́lá, opó tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì, mú Àsàbí ọmọ rẹ̀ wá. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni fọ́ọ̀mù iléewé nọ́ọ̀sì yóò tì, bó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí Àsàbí yóò ti kọjá ohun tí wọ́n ń gbà. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù náà dé ìdajì, iná lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tì. Oyèéníran sáré tan jẹnẹrétọ̀.

"Ẹ má mikàn, ó ti ń jí."

Ẹ̀rọ ń jí, kò jí tán. Oyèéníran fẹ́ pa àwọn ètò náà, ẹ̀rọ kò gbọ́. Orin ló kọ́kọ́ ṣí, ó ń kọ lala sí wọn létí. Mopélọ́lá ń wo aago. Nígbà tí fọ́ọ̀mù fi máa yọjú, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ó ti tì ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn.

Àsàbí ká ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú ọ̀rá.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Oyèéníran ní kí Lásùnkànmí yọ gbogbo ètò tí kò wúlò. Láti ìgbà náà, kéèyàn tó jókòó, ẹ̀rọ ti jí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń rí Àsàbí lókèèrè, tó tẹ orí ba sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ìyá rẹ̀. Oníbàárà kan yin ẹ̀rọ rẹ̀ pé ó yá, Oyèéníran kò lè rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ilé ni mo jí pọ̀ nígbà kan," ló wí. "Wọ́n dí ara wọn lọ́nà, kò sẹ́ni tó ráyè ṣílẹ̀kùn."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé, ẹni tó jí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.