Fèrè Bámgbàlà Láàárín Àwọn Onígòjé

Ní Kétu, bí ẹnìkan bá ń ráhùn pé wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ òun, àwọn afọnfèrè á dá a lóhùn pé: "Kí o tó ní wọ́n bo ohùn rẹ, kọ́kọ́ yọ fèrè lẹ́nu." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ẹni tó yọ fèrè lẹ́nu, ohùn wo ló tún kù tí wọn ó bò? Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Bámgbàlà ọmọ Kétu ni, fèrè idẹ ló gbé e dé Paríìsì. Orin jáàsì ló ń fọn nílé ọtí kan níbẹ̀, orin tí afọnfèrè máa ń ti inú ara rẹ̀ dá bó ṣe ń lọ. Mùsíọ̀ Moréèlì, òyìnbó Faransé kan tó máa ń ṣe orin sínú fíìmù, gbọ́ ọ, ó sì pè é síṣẹ́. Fíìmù náà dá lórí obìnrin kan tó ń retí ọkọ rẹ̀ tó lọ sójú òkun. Mùsíọ̀ fẹ́ kí fèrè jáàsì máa sunkún bí obìnrin náà, kí ọ̀wọ́ àwọn onígòjé òyìnbó sì máa ru bí òkun lábẹ́ rẹ̀.

Màdáámù Sólánjì ni olórí àwọn onígòjé, àgbàlagbà obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dánra wò, Bámgbàlà kí i, obìnrin náà kàn mi orí ni. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, ó sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́ Bámgbàlà.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ni Bámgbàlà wí nínú ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí obìnrin náà ṣe tí kò ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀. Bó bá gbọ́wọ́ sókè, àmì ìkà ni. Bó bá húkọ́, ó ń fi í ṣẹ̀sín ni. Ariwo ń dún létí Bámgbàlà bí òjò orí páànù, ó sì dá a lójú pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń bo fèrè òun mọ́lẹ̀ ni. Òun náà bá ń fọn ọ́n kíkankíkan, títí ètè rẹ̀ fi ń ta á.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó tọ Moréèlì lọ.

"Mùsíọ̀, obìnrin yẹn ń ba tèmi jẹ́. Ẹ mú un kúrò, tàbí kí n gbé fèrè mi lọ."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bí mo ṣe rí yín yìí."

Moréèlì mí kanlẹ̀. Kò fẹ́ pàdánù fèrè yẹn. "Ó dáa. Kó ṣáà darí wọn lọ́la. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀."

Ilẹ̀ mọ́, ètè Bámgbàlà ti wú, kò lè fọn fèrè. Moréèlì ní kó jókòó kó máa wò, kí àwọn onígòjé máa dánra wò láìsí i. Wọ́n tan fíìmù sára ògiri. Bámgbàlà na etí sílẹ̀, ó fẹ́ gbá ọ̀dàlẹ̀ mú.

Gòjé ru bí omi. Nígbà tí orin dé ibi tí fèrè yẹ kó ti wọlé, Sólánjì gbọ́wọ́ sókè, ó rọra ní: "Jẹ́jẹ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un."

Gbogbo gòjé rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni gbé ọmọ tuntun dání. Àyè kan ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, ó gba ohùn fèrè kan péré. Kò sí ẹni tó wọ inú rẹ̀. Lára ògiri, obìnrin inú fíìmù náà la ẹnu, ohùn kankan kò jáde.

Ìgbà náà ló yé Bámgbàlà. Ariwo tí òun ti ń gbọ́, àṣé fèrè òun ni.

Ó dìde. "Mùsíọ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ màdáámù yìí. Ẹ má mú wọn kúrò."

"Kúrò níbo?" ni Sólánjì bèèrè. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un.

Bámgbàlà rò ó fún un lójú gbogbo wọn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn òyìnbó rò pé ó dákú ni.

"Èmi náà ń fura sí ọ," ni Sólánjì wí. "Bó o ṣe ń yí orin padà ní gbogbo ìgbà, mo rò pé o fẹ́ sọ wá di òpè ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n máa wò ọ́ lẹ́nu, kí a má baà ṣìnà nínú orin. Dìde. Lọ tọ́jú ètè rẹ."

Nígbà tí ètè san, wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Bámgbàlà kò pariwo mọ́. Sólánjì kò rẹ́rìn-ín síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò yíjú sẹ́yìn sọ wúyẹ́wúyẹ́ mọ́.

Ọkùnrin náà padà sí Kétu, ó dàgbà, ó ń kọ́ni ní fèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ fún un pé aráyé ń dìtẹ̀ mọ́ òun, kì í bá a jiyàn. Á ní: "Kí o tó ní wọ́n bo ohùn rẹ, kọ́kọ́ yọ fèrè lẹ́nu."