Ìdí Tí Ètò Fi Ń Dákẹ́ Díẹ̀ Kó Tó Sọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó, ilé kan kì í gbọ́ èdè ilé kejì. Gbàǹgbà tó ń gbé orí tábìlì ní èdè tirẹ̀. Pẹlẹbẹ tó ṣeé ṣí, tó ṣeé pa dé bí ìwé, ní tirẹ̀. Fóònù tó ń gbé inú àpò náà ní tirẹ̀. Alágídí ni gbogbo wọn.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùnní. Ó fi èdè ènìyàn kọ Ètò kékeré kan, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán an: kó wọ ilé àwọn kọ̀ǹpútà, kó sì wí pé, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ayé!"

Baba Ayípadà ló máa ń sọ èdè ènìyàn di èdè kọ̀ǹpútà. Ó lọ Ètò bí àgbàdo, ó sì sè é jinná pátápátá bí Gbàǹgbà ṣe ń jẹ ẹ́. Ètò kí Gbàǹgbà. Inú Gbàǹgbà dùn.

Ó dé ilé Pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ tì í síta. "Kí lò ń wí wúyẹ́wúyẹ́? Kúrò níbí!"

Fóònù ò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Ètò sunkún padà sílé. Ìbídùnní ò bá a dárò. "Mi ò lè máa kọ ètò tuntun fún ilé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ń dùn mí. Bí o ò bá kí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ilẹ̀ tó ṣú, màá pa ọ́ rẹ́."

Ètò jókòó sí ẹ̀yìn ilé Gbàǹgbà, ó ń nu omijé. Obìnrin kan tí ò níṣẹ́ ń gbé níbẹ̀, Agbàlejò lorúkọ rẹ̀.

"Ta ló lù ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó lù mí, Ìyá. Wọ́n fẹ́ pa mí rẹ́ ni."

Ètò rò ó fún un. Agbàlejò bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti sè ọ́ jù! Ṣé ẹ̀kọ gbígbóná lèèyàn ń gbé rìnrìn àjò ni? Kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ ní ògì. Ilé tí o bá dé, a ó sè ọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbẹ̀."

Wọ́n lọ sọ fún Baba Ayípadà, ó gbaná jẹ. "Kí n ṣiṣẹ́ mi dé ìdajì? Ìwọ tí ò ríṣẹ́ ṣe, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹ máa bínú lọ, Baba. Ilẹ̀ ń ṣú lọ ní tiẹ̀."

Bàbá wo ojú Ètò, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó kọ́kọ́ ṣa òkúta inú rẹ̀. Ètò tó bá ní àṣìṣe ò ní kọjá ọwọ́ mi."

"Ẹ ṣà á dáadáa. Èmi n ó sè é, n ó fọ abọ́, n ó sì gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò fẹ́ ìdọ̀tí."

Báyìí ni Baba tún Ètò lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ ní ògì. Àbúrò Agbàlejò ń gbé nílé Pẹlẹbẹ. Ó sè é, Ètò kí Pẹlẹbẹ, Pẹlẹbẹ sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dé ilé Fóònù. Fóònù ṣílẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n Ètò ò lè fọhùn. Oòrùn ti ń wọ̀. Ìbídùnní, tó ti tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀, ti na ọwọ́ láti pa á rẹ́.

"Yéè! Ẹjọ́ mi ni!" Agbàlejò ké. "Mi ò fi ẹnikẹ́ni tí yóò sè é síbí!" Ó pe àbíkẹ́yìn ìyá wọn. "Gbé àdògán rẹ, máa bọ̀!"

Ọmọ náà sáré wọlé, ó ń fínná. Fóònù jágbe: "Ta ló ń dáná nílé mi?"

"Ẹni tó máa jẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ ni," ni Agbàlejò dá a lóhùn. "Ṣe sùúrù."

Gbogbo wọn dákẹ́. Iná ràn. Ètò la ẹnu: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ayé!"

"Àárọ̀ wo?" ni Fóònù wí. "Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́!"

"Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò. "Máa lọ, ọmọ mi. Gbogbo ilé ti di tìrẹ."

Láti ọjọ́ náà ni Baba Ayípadà ti ń lọ ètò sílẹ̀ ní ògì, tí Agbàlejò sì ń sè é nílé tó bá dé. Ilé tí Agbàlejò ò bá sí, ètò ò ní fọhùn níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣí ètò, tó dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ má lu kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń dáná lọ́wọ́ ni.