Ọlọ́kọ̀ Tówìn Tó Jókòó sí Ọ́fíìsì

Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀, iṣẹ́ tówìn ló ń ṣe. Bí ọkọ̀ ńlá bá kú sójú títì, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá fi ọkọ̀ tirẹ̀ wọ́ ọ kúrò. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló tà tó fi ra ọkọ̀ náà. Bí iṣẹ́ náà bá dàrú, kò ní oko tó lè padà sí.

Iṣẹ́ ń wọlé, àmọ́ kò ṣe déédéé. Ó lè wọ́ ọkọ̀ mẹ́ta lónìí, kó wá fi ọjọ́ mẹ́jọ máa wo ojú ọ̀nà. Ó wá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan tó ń kó sìmẹ́ńtì fẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa wọ́ gbogbo ọkọ̀ wọn, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta. Ó gé irun, ó lọ aṣọ, ó gba ọ́fíìsì mánẹ́jà lọ.

O mọ bá a ṣe ń ṣe é níbí. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa yọjú sí i, kí ọ̀gá má bàa gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin náà yọjú débi pé aga kan wà níbẹ̀ tí ẹlòmíì kì í jókòó sí mọ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń dé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ. Ó mú àgbò lọ nígbà Iléyá, ó gbé iṣu lọ nígbà Kérésì. Nígbà tí ìyá ìyàwó mánẹ́jà kú, ó sunkún ju àwọn ọmọ olóògbé lọ. Máígádì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé, "Sítáàfù wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ máa gba ìsinmi?"

Kò bínú. Nígbà tó yá, ó fi ọkọ̀ tówìn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pátápátá, kí mánẹ́jà lè máa rí i.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn dírẹ́bà ilé iṣẹ́ náà tí ọkọ̀ wọn kú ń pè é lórí fóònù. Á rọra dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín ni mo wà." Dírẹ́bà kan sùn sídìí afárá fún ọjọ́ méjì. Bàbá kan tó fi okùn so ilẹ̀kùn ọkọ̀ tówìn tirẹ̀ ló padà wá wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kúrò. Bàbá yìí ò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn rárá.

Ní oṣù kẹwàá tó ti ń jókòó síbẹ̀, mánẹ́jà pe àwọn dírẹ́bà jọ síwájú ọ́fíìsì. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wà lójú títì. Bí ọkọ̀ bá kú, ta ló ń dé?"

Wọ́n dárúkọ bàbá náà.

"Ẹni tó jókòó yìí ńkọ́?"

Ẹni tó sùn sídìí afárá ló dáhùn. "Ọ̀gá, èèyàn dáadáa ni. Ọ̀dọ̀ yín ló máa ń wà."

Bàbá náà ló gba ìwé àdéhùn. Ọkùnrin náà fẹ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé, ọkọ̀ ò dáhùn. Bátìrì ti kú, táyà ti rì sílẹ̀. Máígádì ní kò lè wà níbẹ̀, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì fẹ́ jáde. Wọ́n bá pe bàbá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe lábẹ́ àdéhùn nìyẹn. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di okùn ilẹ̀kùn mú kó má bàa ṣí.

Bàbá bi í pé, "Níbo ni kí n wọ́ ọ lọ?"



Ìwọ tí ò ń ṣe fèrèsé, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lo ti wá sílé mi pé kí n mú ọ lọ bá agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé ìwé. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní mú ọ lọ. Obìnrin tó gbé iṣẹ́ fún ọ láti oṣù kẹta ṣì fi pákó dí ojú fèrèsé rẹ̀, o ní kó ní sùúrù. Mi ò sọ pé á dárí jì ọ́ bó o bá lọ bá a báyìí. Ó ṣeé ṣe kó ti pe ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú. Dìde níbẹ̀ yẹn.