Fínjànì Àmúdálátù

Àmúdálátù aláró, ọmọ Ìwó, mọ̀wà hù débi pé ìwà rere náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é léṣe. Ilé kéwú ló ti kọ́ ìwọ̀nba èdè Lárúbáwá tó gbọ́, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti kọ́ pé ọmọ gidi kì í dá ọwọ́ àgbà padà. Láyé ọjọ́un, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ sí Mẹ́kà. Ọkọ kú lọ́nà àbọ̀. Àmúdálátù ń tẹ̀ lé èrò kiri títí ó fi já sí ìlú kan létí òkun, níbi tí àwọn Lárúbáwá ti ń mòòkùn wá péálì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ẹ́míréètì lónìí.

Ìyá arúgbó kan, Ummu Sáífù, ló gbà á sílé. Ọmọ ìyá yìí, Ráṣídì, ní ọkọ̀ ojú omi tí yóò ṣí lọ sí Jídà ní ọjọ́ kejì ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Àmúdálátù bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun, kí òun lè ti Jídà bá àwọn èèyàn òun padà lọ sọ́dọ̀ ìyá òun tó ti darúgbó.

Ráṣídì ní, "Ọ̀rọ̀ dọwọ́ ìyá mi. Ohun tí wọ́n bá wí lọ́jọ́ ọdún, òun ni màá ṣe."

Ọjọ́ ọdún dé. Àmúdálátù ti ń rí ọdún láti kékeré, ṣùgbọ́n èyí wú u lórí. Wọ́n ti lé làálì fún gbogbo obìnrin ilé lánàá, wọ́n sì lé e fún òun náà lórí ọwọ́ tí aró ti pa láró. Bí wọ́n ti kírun ní ìta gbangba tán, tọmọ tọmọ-ọmọ ya sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí wọ́n tó lọ ibòmíràn. Àwọn ọkùnrin ń fi imú kan imú kí ara wọn, gbogbo wọn sì ń fẹnu ko ìyá àgbà lórí. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé àwo ńlá kalẹ̀: dàbínù, oríṣiríṣi ohun dídùn, àti àlìkámà tí wọ́n fi ẹran sè tí wọ́n gún kúnná. Wọ́n ń gbé tùràrí yí ká, olúkúlùkù ń fẹ́ èéfín rẹ̀ sínú aṣọ tuntun. Aládùúgbò o, àjèjì o, kò sí ẹni tí wọn ò ní kó jókòó. "Irú ilé wo rèé!" ni Àmúdálátù ń wí nínú ara rẹ̀.

Shámsà, ìyàwó Ráṣídì, ló ń da kọfí. Ó fi ọwọ́ òsì di ìkòkò onídẹ mú, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ sínú ife pẹ́ńpẹ́ kan tí kò ní etí, tí wọ́n ń pè ní fínjànì. Nílé wọn, ẹni tó ń da kọfí kì í jókòó níwọ̀n ìgbà tí àlejò bá ṣì ń mu.

Ó kan Àmúdálátù. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fínjànì mú pinpin, ó mu ún. Ó korò! Ó na ife padà, ó dúpẹ́. Shámsà da òmíràn sí i. Ó tún mu ún, ó tún dúpẹ́, òmíràn tún dé. Bí òun bá kọ̀, kí ni ìyá àgbà yóò wí? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó di márùn-ún, ó di mẹ́sàn-án. Ìkòkò kejì dé. Ẹsẹ̀ ń ro Shámsà, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àyà Àmúdálátù ń lù kìkì, òun náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó ń mu ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹni tó ń dà á dáwọ́ dúró, ẹni tó ń dà á ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹni tó ń mu yó.

Nígbà tó di ìkẹtàdínlógún, ọwọ́ Àmúdálátù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbìyànjú kó dì í mú, ọwọ́ kò gbọ́. Fínjànì ń mì. Kíá, Shámsà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní "Alihamudulilahi!" ó sì lọ jókòó.

Ọkàn Àmúdálátù já. Ó rò pé wọ́n ti bínú gba ife lọ́wọ́ òun, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Àlàájà, kí ló dé?" ni ìyá àgbà bèèrè.

"Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò kọ̀ ọ́ o. Ọwọ́ mi ló ṣàdédé ń gbọ̀n. Ẹ ní kí wọ́n dà á wá, màá mu ún."

Ìyá àgbà wò ó, ó wo ìkòkò, ọ̀rọ̀ yé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ọwọ́ gbígbọ̀n náà la ti ń retí! Ẹni tó bá ti yó, ṣe ló máa mi fínjànì. Ṣebí ojú rẹ ni gbogbo àlejò ṣe ń mì í láti àárọ̀?"

"Mo rí wọn, Ìyá," ni Àmúdálátù dáhùn tìtìjú-tìtìjú. "Mo ṣe bí àgbà ló dé sí wọn lọ́wọ́ ni."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Shámsà di ikùn mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà pe Ráṣídì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Gbé e lọ. Ẹni tó mu ìkòkò kọfí méjì kó má baà dá ọwọ́ wa padà, ìyá tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó retí rẹ̀ tì. Kí o sì fi gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ hàn án o. Má dúró kó fojú ara rẹ̀ rí i."

Àmúdálátù délé, ó bá ìyá rẹ̀ láàyè. Ìtàn tó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé kì í ṣe ti òkun, ti fínjànì ni. Láti ìgbà náà, bí àjèjì bá ṣi nǹkan ṣe ní Ìwó, wọn kì í bá a jà, wọ́n á kàn rántí Àmúdálátù. Ìdí abájọ rèé tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran."