Ìdí Tí Àwọn Ará Ṣẹmzẹr Fi Ń Fa Ìparí Ọ̀rọ̀ Gùn

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà sáàárín àwọn òkè ilẹ̀ Kurdi, ìlú kan ṣoṣo ni Ṣẹmzẹr. Odò kan gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn ènìyàn a sì máa fẹsẹ̀ là á kọjá láti lọ kí ara wọn. Ní ayé ìgbà náà, bí àwọn ìlú tó yí wọn ká ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn náà ń sọ ọ́.

Ọba méjì wá jà. Nígbà tí ìjà parí, wọ́n ní odò yẹn ni ààlà. Àwọn ọmọ ogun na wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí etí rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò yìnbọn fún ẹni tó bá kọjá.

Lọ́jọ́ náà, Ferho tó ń da àgùntàn wà lódìkejì pẹ̀lú ẹran rẹ̀. Ibẹ̀ ló há sí. Gule ìyá rẹ̀ àti Zozan àbúrò rẹ̀ wà nílé. Láràárọ̀ ni Zozan ń lọ sétí odò láti ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó lè mú ìròyìn rẹ̀ délé fún ìyá wọn.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bo òkè, àìsàn dá Gule wó. Ó ní òun fẹ́ fojú kan ọmọ òun. Àwọn ọmọ ogun kì í sábà dúró nídìí igi àsálà tó wà létí odò ní apá ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Zozan rí wọn. Ó ké sí Ferho.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ń pè yín. Ẹ gba ìdí igi àsálà kọjá wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí.”

Afẹ́fẹ́ gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ferho kò gbọ́ ju pé kí òun gba ìdí igi àsálà lọ. Ó bọ́ bàtà, ó wọ odò. Zozan ń juwọ́ sí i pé kó padà, ṣùgbọ́n Ferho rò pé ó ń pe òun ni. Ìbọn dún. Odò gbé Ferho lọ.

Nígbà tí Zozan délé, ó ń sọ ọ́ ṣáá pé òun ni òun pa ẹ̀gbọ́n òun. Gule sunkún títí, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán ni. Láti òní lọ, ẹ má jẹ́ kí ìparí ọ̀rọ̀ yín kúrú mọ́. Ẹ fà á títí yóò fi dé òdìkejì.”

Zozan sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń wá sétí odò. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún náà gbà á, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ wọn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Ṣẹmzẹr, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ti ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn àlejò a máa bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń ké pè. Kódà bí ìyá kan bá ń sọ fún ọmọ tó jókòó tì í pé kó jẹun, yóò fà á gùn bíi pé ọmọ náà wà lódìkejì odò.