Ọta Ọlọ́rùn Lékeléke

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọta tí kò lè wúlò fún ẹlòmíràn sínú àpò tí gbogbo ọdẹ ìlú rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Ó mọ̀ pé kò lè wúlò. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyí. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí ọta náà dára púpọ̀, dídára rẹ̀ sì lè mú kí a gbàgbé.

Ní ìlú ọkùnrin yìí, irú ìbọn kan náà ni gbogbo ọdẹ ń lò, irú ọta kan náà ni wọ́n sì ń rà lọ́jà. Ọta náà kì í lọ jìnnà, ṣùgbọ́n bí ti ẹnì kan bá tán, ẹnì kejì lè fún un ní tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá ti gbẹ, gbogbo wọn a jọ wọ igbó lọ́jọ́ kan. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, wọn a dúró ní ìdí igi òrí kan ní etí igbó. Olúkúlùkù a fi háhá àgbàdo di ọta kan, a sì jù ú sínú àpò awọ tí olórí ọdẹ gbé lọ́wọ́. Olórí ọdẹ a gbọn àpò náà, olúkúlùkù a sì tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mú ọ̀kan. Èyí tí ó bá mú ni ọta ìkẹyìn rẹ̀. Yóò so ó mọ́ ọrùn, kò sì ní tú háhá ara rẹ̀ àfi bí èyí tó ń bẹ lápò rẹ̀ bá tán pátápátá. Báyìí ni ẹ̀mí ọdẹ kọ̀ọ̀kan ṣe wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, láìmọ ẹni náà.

Ọkùnrin yìí mọ̀ nípa ìbọn ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ọta ọjà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mú ìkarahun ọta ńlá, ó tẹ ọrùn rẹ̀ wọnú títí ó fi tín-ín-rín, ó rọ ẹ̀tù kún inú rẹ̀, ó sì ki òjé kékeré tó ṣe ṣóńṣó bọ ẹnu rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan ní ìlú kejì bá a gbẹ́ ìdí ìbọn rẹ̀ kí ó lè gba ọta náà. Láti ìgbà yẹn, ìbọn rẹ̀ kò gba ọta ọjà mọ́, kò sì sí ìbọn mìíràn tí ó lè gba ọta tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín tó dúró ní òdìkejì odò, tí àwọn yòókù kàn ń wò, òun ń pa á.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí fi ọta náà hàn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, tó sì fẹ́ràn àwàdà. Àna rẹ̀ yìí gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Àna mi, irú ọta wo ló ní ọrùn bíi ti lékeléke yìí? Ṣé yóò pa ẹran ni, àbí yóò máa tẹ̀lé màlúù kiri?”

“Ẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin náà, àgbọ̀nrín mélòó lẹ ti tàsé lẹ́ẹ̀rùn yìí?”

“Wọ́n ń sáré ju ọta mi lọ ni. Mi ò bá wọn jà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá ọta náà padà fún un. “Àpò ńkọ́? Kí lo máa jù sí i?”

“Mo máa ra ti ọjà fún ìyẹn.”

Ó sì ní i lọ́kàn láti rà á. Ṣùgbọ́n ó ń sọ pé òní, ó ń sọ pé ọ̀la, títí ilẹ̀ ọjọ́ ìṣọdẹ fi mọ́ tí kò sí ẹyọ kan nílé rẹ̀. Ó lè kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ó ti fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ọta ọjà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń tì í láti tọrọ rẹ̀. Ó wá fi háhá di ọta tirẹ̀. Ó ní, “Tèmi sáà dára ju tiwọn lọ. Ta ló tilẹ̀ ń tú háhá?” Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tú u. Ó jù ú sínú àpò.

Nígbà tí oòrùn mú, ìmàdò ńlá kan tú jáde láti inú koríko gíga níwájú àna rẹ̀. Àna rẹ̀ yìnbọn, ó bà á, kò kú. Ó tún yìn ín títí ọta fi tán, ìmàdò náà sì kọjú sí i. Ó já háhá ọrùn rẹ̀, ó tú u. Ọta kò wọ ìbọn.

“Yéè! Lékeléke!”

Ọkùnrin náà ń bẹ nítòsí, ó sì gbọ́. Ó gbé ìbọn sókè. Ṣùgbọ́n ìmàdò àti àna rẹ̀ wà lójú ìlà kan náà, ọta rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ń gba inú ẹran kọjá tí kì í dúró. Ohun tí ó fi ń yangàn ni kò jẹ́ kí ó lè yìn. Ó ju ìbọn sílẹ̀, ó ń sáré lọ, ó ń pariwo. Kí ó tó débẹ̀, ìmàdò ti fi ehín ya itan àna rẹ̀. Olórí ọdẹ ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó na ìbọn sí etí ẹran náà, tó sì fi ọta ọjà pa á.

Wọ́n gbé ọdẹ tó fara pa náà lọ sí ìdí igi òrí. Olórí ọdẹ gbé ọta náà sókè.

“Ta ló ni èyí?”

Àwọn ọdẹ ń wo ara wọn. Olórí ọdẹ yíjú sí ẹni tó wà nílẹ̀. “Ìwọ tó mú un, ǹjẹ́ o mọ ẹni tó ni ín?”

“Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n.”

Nílé, Àwẹ̀ró, ìyàwó ọkùnrin náà, ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ojú ọgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló bá a di igbá omi mú.

Àwẹ̀ró ní, “Ẹni tó ṣe irú èyí, ṣé òun náà ní ẹ̀gbọ́n?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Rọra, jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ lò ń fọ̀, kì í ṣe ṣòkòtò.”

Nígbà tí obìnrin náà lọ pọn omi sí i, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ síwájú. “Ẹ ṣeun tí ẹ bò mí.”

“Àbúrò mi ni mo bò. Ìwọ kọ́. Tìrẹ ṣì kù sí ọ lọ́wọ́.”

Ọkùnrin náà kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn ọdẹ tún ṣe ìpàdé ní ojúde olórí wọn, ó dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe.

Wọn kò ní kí ó ba ìbọn náà jẹ́. Olórí ọdẹ ní kí ó máa lò ó nínú oko ara rẹ̀, kí ó sì wá ìbọn bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ àjọṣe. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ara sì tù ú. Ẹsẹ̀ àna rẹ̀ jinná. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, nígbà tí àna náà mú ọta ìkẹyìn tirẹ̀ nínú àpò, ó gbé háhá náà sétí, ó mì í. Ó ní, “Kò ké bíi lékeléke.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà ló sì rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n wọ igbó pẹ̀lú inú dídùn.

Ìwọ tí o ń gbọ́, bí o bá ní ọgbọ́n tí ẹlòmíràn kò ní, lò ó. Kò sí ẹni tó dá ọ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá fi sílẹ̀ fún ẹbí rẹ, fún ẹgbẹ́ rẹ, fún ìjọ rẹ, kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ wọn lè lò ó lọ́jọ́ tí ìwọ kò sí nítòsí. Má fi ohun tó wù ọ́ rọ́pò ohun tí o ṣèlérí. Bí o bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, má dúró de ẹni tí yóò tú ọ fó. Dìde níbi tí gbogbo ènìyàn wà. Bí o kò bá mọ ohun tí o máa sọ, ohun tí ọkùnrin náà sọ nìyí, tòun ti fìlà lọ́wọ́, tí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọ́:

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èmi ni mo ni ọta yẹn. Mo mọ̀ pé kò bá ìbọn ẹnikẹ́ni mu, mo sì jù ú sínú àpò. Àna mi mọ̀, ó pa á mọ́ra nítorí ìyàwó mi. Ẹ má bá a wí. Àwẹ̀ró, èmi lẹni tí ò ń bèèrè. Mo ṣẹ gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”