Ọwọ́ Tí Òkúta Nà Sókè

Ọkùnrin kan ń gbé ní ìlú kan tó kún fún àpáta, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni gbígbẹ́ òkúta sàréè. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, dókítà ojú sọ fún un pé ohun tó ń bo ẹyinjú rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, àti pé kí ọdún tó parí, kò ní í ríran mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n kó àwọn ère òkúta kan dé mùsíọ́mù olú ìlú. Ère àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti ti Búdà ni, wọ́n ti gbẹ́ wọn ní Íńdíà àti ní erékùṣù Jáfà láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àfihàn náà máa parí. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí ojú yìí bá máa lọ, jẹ́ kó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ àwọn ọ̀gá."

Ní Jímọ̀, agogo méjì ti kọjá kó tó débẹ̀. Agogo mẹ́rin ni wọ́n máa tìlẹ̀kùn.

Nínú yàrá àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ọmọdé. "Ẹ wá wò ó! Orí erin lórí ọrùn ènìyàn! Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró! Irú irin wo ni wọ́n lò?"

Obìnrin tó ń mójú tó àwọn ère náà ní, "Bàbá, ẹ rọra o, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"N ò fọwọ́ kàn án, ìyá mi. Ojú ni mo fi ń jẹ ẹ́."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku yàrá ńlá, ibi tí ọ̀pọ̀ ère náà wà. Ère kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ sí ẹni tó ń bọ̀. Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Ní ìlú tirẹ̀, ẹni tó bá ṣí àtẹ́lẹwọ́ sí ọ báyẹn ti bú ìyá rẹ, ìjà ló kù. Òun náà na ìka márààrún padà sí òkúta, ó ní, "Ìyá tìẹ náà!" Ló bá jáde, ó lọ jókòó sábẹ́ igi níta, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan tó fi wà níbẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́rin lù, obìnrin náà jáde wá. "Bàbá aláriwo, ẹ ò tíì wọ yàrá ńlá."

"Ṣé torí kí òkúta lè bú mi ni mo ṣe wọkọ̀ wá síbí?" Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ohun tí ère náà ṣe.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ẹni tó bá gbé ọwọ́ báyẹn ń sọ pé, má bẹ̀rù."

Ó dìde. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ó sáré. Ó dúró níwájú ère náà, ó sì fi ìwọ̀nba ojú tó kù fún un wo ìka, ó wo èékánná, ó wo ìlà àtẹ́lẹwọ́. "Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀!" ló ń wí. "Ẹ gbà mí o, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀!" Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi pa iná. Àwọn ère tó wà nínú yàrá ńlá, kò rí ẹyọ kan.

Àbúrò mi, ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyí. O ní o ò ní í dé ibi ìgbéyàwó ọmọ rẹ, nítorí pé ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ kò kúnlẹ̀ kí ọ, ó ní kí o bọ òun lọ́wọ́. O ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Èmi bi í. Ó ní ní ìlú àwọn, bàbá ẹni nìkan ni ọmọbìnrin ń bọ̀ lọ́wọ́. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀la ni ìgbéyàwó náà, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Lọ bá ọmọ rẹ.